Ọ̀wẹ̀ Èéfín

Erékùṣù Lemuy, Chiloé, Chile
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹta, ọdún 2011

Yasna ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà nílẹ̀ Jámánì níbẹ̀? Ṣé òtútù ò tíì gé ọ létí? Àwa wà níbí, a ò kú, a ò rùn, òjò ń rọ̀ bó ṣe máa ń rọ̀. Tí mo bá ní òjò ò rọ̀, ìwọ náà á mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo kọ ìwé yìí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé, mi ò ní fi yí ọ po. Òkun ti gbé igi ápù ẹ̀yìn ilé lọ, èyí tí bàbá rẹ gbìn lọ́dún tí a bí ọ. Kò pariwo kó tó ṣubú. A kàn jí lẹ́yìn ìjì, a rí i tó ti dùbúlẹ̀ sínú omi tòun ti èso orí rẹ̀, àwọn ẹyẹ òkun sì ń ṣa á jẹ. Ilẹ̀ tó kù láàárín ilé wa àti omi, àgùntàn méjì ò lè dúró lórí rẹ̀ kí wọ́n má ti ara wọn ṣubú. Bàbá Eliseo wá wò ó, ó mi orí, ó ní, "Otilia, tí ilé yìí bá fi lè rí òtútù méjì sí i níbí, ẹja ló máa máa sùn nínú yàrá rẹ."

Nítorí náà, a máa gbé ilé. A ti fohùn ṣọ̀kan sí oṣù Kejì ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀. A ó pe ọ̀wẹ̀, a ó fi igi sábẹ́ ilé náà, a ó so okùn mọ́ ọn, àwọn akọ màlúù á wà níwájú, gbogbo ènìyàn á sì fà á gòkè lọ sí ẹ̀gbẹ́ oko ọ̀dùnkún. Ilé pákó ni, bàbá rẹ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Òkun ti gba òun fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò ní gba ilé rẹ̀ mọ́ ọn.

O mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Tí a bá ń fa ilé, ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀ ni ojú máa ń kọ́kọ́ wá lára okùn. Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Wá sílé, wá bá wa fa ilé bàbá rẹ. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn, tí mo bá sì ń gé ọ̀dùnkún, mo ṣì máa ń gé ti ẹni méjì.

Rudecinda kí ọ láti ilé kejì. Òun náà ló ń bá mi mú ìwé yìí lọ sí pósí ọ́fíìsì. Ó ní kí o bá òun wo bí àwọn ará Jámánì ṣe ń se ọ̀dùnkún, pé òun gbọ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n sè.

Ìyá rẹ tí ń retí rẹ,
Otilia


Freiburg
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹrin, ọdún 2011

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò o, ẹ sì kú ọ̀rọ̀ igi ápù yẹn. Inú ilé ìdáná tí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù jọ ń lò ni mo ti ka ìwé yín. Mo sunkún. Wiebke, ọmọ kíláàsì mi tí a jọ ń gbé, sáré wá béèrè bóyá ènìyàn ló kú. Mo ní rárá, igi ni. Ó wò mí bíi pé orí mi ti dàrú.

Màmá, ilé ń wù mí débi pé mi ò fọ aṣọ pọ́ńṣò tí ẹ hun fún mi látìgbà tí mo ti dé. Òórùn èéfín ààrò wa ṣì wà lára rẹ̀. Tí mo bá fi imú sí i, mo máa ń rí yín níwájú ààrò irin yẹn, tí ẹ gbé ẹsẹ̀ lé etí rẹ̀, tí omi ń hó nínú kẹ́tù, tí òjò ń lu òrùlé, tí Bàbá ń sun ápù fún mi lórí irin gbígbóná. Kò sí ohun tí mo jẹ níbí tó dùn bí ápù yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kàn. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni mò ń kọ́. Lọ́dún yìí, wọ́n ní kí oníkálukú wa fi ara rẹ̀ ṣe ìwádìí. Gbogbo ohun tí a bá jẹ, tí a wọ̀, tí a gùn, iná tí a tàn, a ń wọn èéfín tó tinú rẹ̀ jáde. Ipasẹ̀ èéfín ni wọ́n ń pè é, nítorí bí ènìyàn ṣe ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀ lórí yanrìn ló ń fi èéfín tiẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀run. Èéfín yẹn ló ń mú ayé móoru, tí òkun fi ń ga sí i. Tí a bá wọ̀n ọ́n tán, a ó máa dín in kù. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ wa. Mi ò jẹ ẹran mọ́. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń gùn, bí yìnyín ń bọ́, bí oòrùn ń ràn. Mo dín ẹ̀rọ tí ń mú yàrá móoru kù, ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ hun ni mo fi ń gbélé. Inú mi dùn sí i gan-an.

Ibi tó ti le rèé. Bàálù àlọ àti àbọ̀ láti ibí dé Chile, èéfín rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo jẹ, tí mo gùn, tí mo tàn fún odindi ọdún kan lọ. Mo sì ti fọwọ́ sí ìwé níṣojú gbogbo ẹgbẹ́ pé mi ò ní wọ bàálù títí ọdún tó ń bọ̀ á fi parí. Màmá, mi ò ní lè wá fún ọ̀wẹ̀ náà. Ẹ má bínú sí mi. Nítorí òkun tó gbé igi Bàbá lọ ni mo ṣe ń ṣe é.

Ẹ sọ fún Màmá Rudecinda pé omi lásán ni wọ́n fi ń se é, wọn kì í tilẹ̀ rin ín.

Ọmọ yín,
Yasna


Lemuy
Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011

Yasna,

Mo rí ìwé rẹ. Mo kà á, mo fún Rudecinda, òun náà kà á, a wo ara wa lójú.

Èéfín? Èéfín ni kò ní jẹ́ kí o wá sílé? Bàálù tó ń fò lójoojúmọ́ ayé, ṣé ìwọ ni wọ́n ń dúró dè kó tó gbéra ni? Bí o wọ̀ ọ́, á fò. Bí o ò wọ̀ ọ́, á fò. Àga rẹ á kàn ṣófo, ẹlòmíì á na ẹsẹ̀ lé e. Ọmọ Sótero lọ ń rẹ́ irun àgùntàn ní Patagonia, ó ń wálé. Ọmọ Rudecinda wà ní Argentina, ó ń wálé. Àwọn yẹn ò kàwé tó ọ, bóyá ìyẹn ni wọn ò ṣe gbàgbé ọ̀nà ilé.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni, sọ fún mi. Mi ò ní jẹ ọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ojú ń tì ọ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ má gbọ́ pé màlúù ló ń fa ilé ìyá rẹ, ìyẹn náà, sọ.

Bí mo ṣe kọ ibi tó wà lókè yìí tán, mo jáde lọ wo àwọn àgùntàn, inú mi rọ̀ díẹ̀. Yasna, mi ò fẹ́ kí a máa fi ìwé jà. Ọ̀nà jìn, kí ìbínú mi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, á ti tán nínú mi. Jọ̀ọ́, fi ohun tí mo mọ̀ ṣàlàyé fún mi. Èéfín bàálù yẹn, báwo ló ṣe pọ̀ tó? Kí ni mo lè fi wé?

Ìyá rẹ


Freiburg
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìbínú, ẹ sì kú ìfaradà mi. Kò sí ọkùnrin kankan. Ká ní ó wà ni, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, Màmá Rudecinda á tẹ̀ lé yín, gbogbo Lemuy á ti mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti màlúù ńkọ́? Àwòrán ibi tí wọ́n ti ń fa ilé Bàbá Eliseo nígbà tí mo wà ní kékeré ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá mi. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni mo máa ń fi hàn, tí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọn kì í ráyè sọ ohun tí wọ́n bá wá.

Ẹ ní kí n fi ohun tí ẹ mọ̀ ṣàlàyé. Ẹ wo ààrò wa. Ẹ kó gbogbo èéfín tó gba ẹnu páìpù rẹ̀ jáde láti ọjọ́ Jòhánù Mímọ́ nínú oṣù Kẹfà títí òtútù á fi lọ, ẹ dì í sínú àpò. Ẹ kó ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Bàbá Eliseo kún un, ẹ kó ti jẹnẹrétọ̀ Sótero náà mọ́ ọn. Ó ku díẹ̀ kó tó ti àlọ àti àbọ̀ èmi nìkan nínú bàálù.

Òótọ́ ni pé bàálù á fò bí mi ò bá wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi lọ́jọ́ tí a ń fa ilé Bàbá Eliseo. Ọwọ́ ń ta mí, mo fẹ́ jọ̀wọ́ okùn, mo ní ṣé ọwọ́ tèmi nìkan ló máa dá ilé dúró ni. Ẹ ní, "Tí oníkálukú bá sọ bẹ́ẹ̀ tó mú ọwọ́ kúrò, ilé á gbéra bí?" Ohun tí mò ń ṣe níbí náà nìyẹn, Màmá. Mò ń gbìyànjú kí n má mú ọwọ́ kúrò.

Ó dùn mí. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé kò dùn mí.

Ọmọ yín,
Yasna


Freiburg
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Keje, ọdún 2011

Màmá mi,

Mi ò rí èsì. Ṣé inú ló ń bí yín tó báyìí? Mo pe fóònù ṣọ́ọ̀ṣì, kò wọlé. Wọ́n ní ìjì ti já wáyà lọ́dọ̀ yín.

Ooru ń mú níbí. Àwọn ènìyàn na ara sórí koríko bí ẹja tí a sá. Èmi ń ronú nípa òjò. Mò ń ronú nípa milcao tí ẹ máa ń rin ọ̀dùnkún fún, tí ẹ ó fún omi rẹ̀ dànù, tí ẹ ó fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí i, tí ẹ ó wá lù mí lọ́wọ́ tí mo bá fẹ́ yọ ọ̀kan nínú rẹ̀ kó tó jinná. Ẹ lù mí lọ́wọ́ nínú ìwé, mo gbà. Ẹ ṣáà kọ nǹkan kan.

Yasna


Lemuy
Ogúnjọ́, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011

Yasna ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Má bínú pé mo dákẹ́. Kì í ṣe ìbínú. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò sì fẹ́ kí o gbọ́ kó tó débì kan, nítorí bí mo ṣe mọ̀ ọ́, o ò ní jẹ́ kí n rímú mí.

Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní o ò fẹ́ mú ọwọ́ kúrò lára okùn, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ wo ọmọ yìí, ó mọ ọ̀rọ̀ ọ̀wẹ̀ délẹ̀, ó wá ń dá ẹrù rù. Ǹjẹ́ o ti gbọ́ ọ rí ní Lemuy pé ẹnì kan dá ilé fà? Mo mú ìwé rẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo kà á fún wọn lẹ́yìn ìsìn. Mo ní, "Ẹ̀yin ará mi, èéfín tó máa gbé ọmọ mi wálé ti wúwo ju ohun tí òun nìkan lè rù. Ọ̀wẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

Bàbá Eliseo fọwọ́ họ orí. Ó ní, "Otilia, mo ti fa ilé, mo ti fa ọkọ̀ ojú omi. Èéfín ni mi ò fà rí. Ibo ni a ó so okùn mọ́ lára rẹ̀?" Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín, àfàìmọ̀ kí ère Jòhánù Mímọ́ náà má rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ̀.

Gbọ́ bí a ṣe ṣe é. Èmi pa ààrò láti ọjọ́ Jòhánù Mímọ́, mi ò dá a láti ìgbà náà. Rudecinda ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá fún mi, ó ń kùn, ó sì ń gbé e wá. Bàbá Eliseo yọ ẹ́ńjìnnì kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀, àjẹ̀ ló fi ń tukọ̀ lọ pẹja, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Sótero pa jẹnẹrétọ̀, àbẹ́là ni wọ́n ń tàn. Ó ní ìyàwó òun ti tún lẹ́wà bíi ti ìgbà tí òun ń fẹ́ ẹ. Ìyàwó náà ní òun pẹ̀lú ò kúkú rí Sótero dáadáa mọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ológbò wa ti kó lọ sọ́dọ̀ Rudecinda, kò tilẹ̀ dágbére.

Gbogbo rẹ̀ tìrẹ ni. Kó o pọ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ sí orúkọ rẹ, kí o sì wá sílé. Bí kò bá tó, sọ fún wa, a ó tún fà á sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìwọ ṣáà dé, èmi á sè fún gbogbo wọn bí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ṣe ń sè.

Òtútù ń mú díẹ̀. Mo máa ń jókòó síwájú ààrò náà bí ẹni pé iná wà níbẹ̀. Mo máa ń rántí bàbá rẹ, bó ṣe máa ń wọlé láti òkun tí omi ń ro tótó lára rẹ̀, tí ìwọ á sì máa fa bàtà kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wàá fi ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Àwa mẹ́ta á wá rẹ́rìn-ín. Èyí nìkan máa ń mú mi móoru.

Ìyá rẹ,
Otilia

[Ní ẹ̀yìn ìwé]

Yasna, èmi Rudecinda ni. Mo ti ṣí ìwé yìí kí n tó fi í ránṣẹ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ìyá rẹ ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí. Kò yá. Ó ń wúkọ́ bíi pé àyà rẹ̀ máa ya, ara rẹ̀ ń gbóná. Nọ́ọ̀sì ní òtútù ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, pé tí kò bá dá iná, òun ò lè ṣèlérí nǹkan kan. Mo dá a fún un. Ó dìde lórí ibùsùn, ó gbé omi, ó dà á sí i. Ó ní mo fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ òun jẹ́. Tìrẹ nìkan ló máa gbọ́. Ṣe kíá.


Freiburg
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2011

Màmá,

Ẹ dá iná. Ẹ dá iná báyìí kí ẹ tó ka ìwé yìí síwájú. Ẹni tó bá mú un wá fún yín, ẹ jẹ́ kó dá a.

Mo ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó ní òun jíṣẹ́ mi fún yín, ẹ ní irọ́ ni, pé òun àti Rudecinda ló dìtẹ̀, àfi tí ẹ bá rí i ní ìkọ̀wé mi. Ìkọ̀wé mi rèé. Mo san ti ìwé tí ń yára dé.

Màmá, mo ti ṣẹ̀ yín. Mo fi ààrò ṣe àpẹẹrẹ kí ó lè yé yín ni. Mo kàn fojú wọ̀n ọ́n, mi ò ro ibi tó máa já sí. Igi tí ẹ ń dá, láti inú igbó wa ni, ẹ gé ọ̀kan, òmíì hù, èyí tó ń hù sì ń gbé èéfín èyí tó jó mì. Nínú ìṣirò tiwa, iná ààrò yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ nǹkan kan. Gbogbo òtútù tí ẹ jẹ, lórí ohun tí kò tó nǹkan ni.

Síbẹ̀ mo mú ìwé yín lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi Sótero, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi tí Màmá Rudecinda kọ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wiebke ní, "Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a lè kọ ọ́ sí. Ohun tí ènìyàn bá dín kù fúnra rẹ̀ nìkan là ń kà." Òótọ́ ló sọ. Níbí, oníkálukú ló ń gbé ẹrù ara rẹ̀, ojú ìlà tí a fà sínú ìwé wa ò ju ti ẹnì kan lọ. Mo wo ìwé náà, mo wò ó, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé ìyá mi wà nínú òtútù nítorí mi, pé ọkùnrin arúgbó kan ń tukọ̀ nítorí mi.

Mo ti ní kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú àwọn tó fọwọ́ sí i. Mò ń bọ̀ fún ọ̀wẹ̀ náà. Èmi ni mo máa ru èéfín rẹ̀, gbogbo rẹ̀, mi ò ní dá ẹyọ kan lé yín lórí. Lẹ́yìn náà, màá padà síbí. Mò ń parí ẹ̀kọ́ yìí ní oṣù Kìíní, àwọn olùkọ́ mi sì ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ kí n dúró fún ọdún mẹ́ta sí i, kí n lè gba oyè tó ga jù. Mi ò tíì sọ fún yín nítorí mo mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ bá mi bẹ Bàbá Eliseo kó dá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí ìṣirò.

Yasna


Lemuy
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, ọdún 2011

Yasna ọmọ mi,

Má sunkún mọ́. Iná ti ń jó. Láti ọjọ́ tí ìwé rẹ ti dé ló ti ń jó, Rudecinda ló dá a, ó sì ń kì í bí ẹni tó fẹ́ se odindi ẹlẹ́dẹ̀. Ológbò ti padà wálé, kò bẹ̀bẹ̀, kò tijú. Ikọ́ ṣì ń ṣe mí díẹ̀ láàárọ̀, ṣùgbọ́n mo ti ń dìde, mo ti ń pariwo mọ́ ènìyàn, ẹ̀rí pé ara ti ń yá.

Nígbà tí mo sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé èéfín wa ò ní ibi tí wọ́n lè kọ ọ́ sí, Sótero ní kí n jọ̀ọ́ kí n má sọ fún ìyàwó òun, pé kí àwọn ṣì máa lo àbẹ́là lọ. Bàbá Eliseo ò dá ẹ́ńjìnnì padà. Ó ní òun ti gbàgbé pé òkun máa ń sọ̀rọ̀, pé ẹ́ńjìnnì ti dí òun létí láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú. Àwọn méjèèjì ló jọ ń tukọ̀ nígbà náà. Ó ní tí òun bá ń tu àjẹ̀, ó máa ń dà bíi pé Ruperto ọkọ mi ṣì wà lẹ́yìn òun. Mo bu ọtí ápù fún un.

Nígbà tí mo wà lórí ibùsùn, mo tún ìwé rẹ àkọ́kọ́ kà. O kọ ọ́ síbẹ̀ gedegbe pé èéfín yìí ló ń mú òkun ga sí i. Mo ti kà á kọjá nígbà yẹn. Ohun kan ṣoṣo ni mo gbọ́ nínú gbogbo ìwé náà, pé o ò ní wá. Mo wá rí i pé nǹkan tó jẹ igi bàbá rẹ, tó ń jẹ ilẹ̀ wa, òun gan-an lo kọjú ìjà sí, èmi sì ń fà ọ́ láṣọ sẹ́yìn.

Má wá. Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Padà sínú ẹgbẹ́ rẹ, kí o fọwọ́ sí ìwé rẹ padà. Gba ọdún mẹ́ta yẹn. Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbà á. A ó fa ilé náà, Rudecinda á di okùn mú ní ipò rẹ. Ó ti ní òun máa fà á ju bí ìwọ á ṣe fà á lọ, nítorí òun ń jẹ ẹran.

Ṣáà máa kọ̀wé. Ó tó mi.

Ìyá rẹ,
Otilia


Freiburg
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kọkànlá, ọdún 2011

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iná gbígbóná o. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lẹ́yìn náà lọ́wọ́ Màmá Rudecinda.

Mo ka ibi tí ẹ ti ní kí n má wá. Mo kà á títí ó fi yé mi pé ẹ ò purọ́, pé ẹ ti jọ̀wọ́ mi lóòótọ́. Mo gbé kẹ̀kẹ́ mi, mo gùn ún jáde kúrò nílùú, mo jókòó sábẹ́ igi kan. Mo ní, wọ́n ti fún mi láyè báyìí, ó kù kí n dúró. Mo wá rí i pé mi ò fẹ́ dúró. Kì í ṣe nítorí yín nìkan. Ilé ń wù mí. Mo fẹ́ gbọ́ òjò lórí òrùlé wa. Mo fẹ́ kí ẹnì kan pè mí láti òdìkejì ọ̀nà láì wo aago kó tó pè mí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, èmi sì ti ń ṣe bí ẹni tí kò ní ilé.

Mo jókòó, mo tún ìṣirò náà ṣe. Àlọ àti àbọ̀ ló wúwo. Gbogbo wa nínú ẹgbẹ́ ti yẹ̀ ẹ́ wò títí, a ò rí ọ̀nà tí a lè gbà dín in kù. Ọ̀nà kan wà, Màmá, ó sì rọrùn. Ẹni tí kò bá ní padà, ìdajì rẹ̀ ló máa rù. Lẹ́yìn náà, kò ní rù ú mọ́.

Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ nìkan ni mo rà.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ mi pé mo dúpẹ́, pé mi ò ní lè gba ọdún mẹ́ta náà. Ọ̀kan nínú wọn bínú, ó ní mò ń ju ẹ̀bùn mi nù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì ríṣẹ́ ní ìlú Castro tàbí níbòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn fún Màmá Rudecinda. Ṣùgbọ́n òkun tí mo wá kọ́ nípa rẹ̀ ò sí ní Freiburg. Ẹ̀yìn ilé wa ló wà.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọ̀wẹ̀ ni màá dé.

Ọmọ yín,
Yasna


Lemuy
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejìlá, ọdún 2011

Yasna ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé lánàá. Mú bàtà tó lè wọ ẹrẹ̀ dání. Apá òsì ni o máa wà lára okùn, lẹ́yìn Bàbá Eliseo. Tó bá ń fà, ó máa ń ta ẹsẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ṣọ́ra rẹ. Mo ti sọ fún Rudecinda pé o ò tíì ríṣẹ́. Mo gbìyànjú kí n má sọ ọ́, kò ṣeé ṣe.

Ó jókòó tì mí nígbà tí mo ka ibi tíkẹ́ẹ̀tì náà. Ó ní kí n kọ ọ́ sí ọ pé èéfín ààrò ló kó sí mi lójú, kí ọmọ má bàa rò pé ìyá òun ti di ọ̀lẹ. Irọ́ ni, ọmọ mi. Iná ń jó geere lánàá, kò rú èéfín kankan. Ẹkún ni mo sun, mo sun ún títí tó fi tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyá rẹ,
Otilia